Bẹ́ ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà type 1 tẹ́ ẹ sì fẹ́ sáré fún ìpínlẹ̀ yín tàbí fún Nàìjíríà: ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé

Ọmọ ọdún 17 ni mí nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé mo ní ìtọ̀ ṣúgà type 1, ìyẹn èyí tí ara kì í pèsè ínsúlíìnì mọ́, tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ lèèyàn á máa fi gbà á títí ayé. 800m ni mò ń sá nígbà yẹn. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń rù, omi tí mò ń mu kì í tó mi, mò ń dìde tọ̀ bíi ìgbà mẹ́rin lóru, kóòṣì rò pé mi ò kì í sùn, Màámi ní wọ́n ń ṣe mí, àfìgbà tí mo ṣubú lulẹ̀ tí wọ́n gbé mi dé ọsibítù. Dókítà tó kọ́kọ́ rí mi ní kí n gbàgbé eré sísá kí n gbájú mọ́ ìwé mi. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi sunkún.

Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ nípa Nacho Fernández. Ọmọ ọdún 12 ni dókítà kan sọ fún un pé bọ́ọ̀lù ti parí fún un, dókítà mìíràn ló wá ní rárá, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Real Madrid títí ó fi di kápútéènì wọn, ó sì gbá góòlù wọlé Portugal ní World Cup 2018. Gary Hall Jr. ńkọ́, òmùwẹ̀ ará Amẹ́ríkà, 1999 ni wọ́n sọ fún un pé ó ní type 1, ó gba wúrà ní Sydney lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún gba òmíràn ní Athens lọ́dún 2004. Alexander Zverev tó ń gbá tẹ́níìsì, ọmọ ọdún 4 ló ti ní tiẹ̀, òun ló gba wúrà Tokyo lọ́dún 2021. Nítorí náà ó ṣeé ṣe. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ ni ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi, mo fi ojú ara mi rí i, òun ni mo fẹ́ kọ síbí fún àwọn àbúrò mi tó wà lórí pápá.

Mi ò kì í ṣe dókítà o. Àwọn nọ́ńbà tí mo máa dárúkọ, àwọn dókítà tó mọ eré ìdárayá ló ń lò wọ́n, ṣùgbọ́n ara yàtọ̀ sí ara, ẹ gbé e tọ dókítà yín lọ kẹ́ ẹ jọ ṣàtúnṣe rẹ̀ sí ti yín.

1. Ẹ lọ gba àyẹ̀wò kẹ́ ẹ tó padà sórí pápá

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo HbA1c yín, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì tó ń fi bí ṣúgà yín ṣe rí láti bíi oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn. Ẹ jẹ́ kí dókítà ojú wo inú ojú yín, pàápàá bó bá jẹ́ irin lẹ ń gbé tàbí ìjàkadì lẹ ń jà, torí bí ìṣàn ẹ̀jẹ̀ inú ojú bá ti bàjẹ́, gbígbé ohun wúwo lè jẹ́ kó bẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo kíndìnrín. Kí wọ́n wo ẹsẹ̀, bóyá ẹ ṣì ń mọ̀ ọ́n lára bí nǹkan bá gún un, torí sípáìkì tuntun lè bó èèyàn lẹ́sẹ̀ kó má mọ̀. Gbogbo ìwé tí wọ́n bá fún yín, ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ tó bá yá.

2. Ẹ ra ìwé kan

Ìwé ẹ̀kíísáìsì olójú ewé 60, èyí tí àwọn ọmọ fi ń lọ sílé ìwé, òun ló gbé mi padà sórí ìlà. Mo rúlà sí i: aago, ṣúgà kí n tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo jẹ, ínsúlíìnì tí mo gún, irú tíréníìnì tí mo ṣe, ṣúgà nígbà tí mo parí, ṣúgà kí n tó sùn. Ojoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ dà bí iṣẹ́ ìyà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú nù, ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo wá ń rí nǹkan nínú rẹ̀.

Ohun tí mo rí rèé. Lọ́jọ́ tí mo bá sá eré gígùn wọ́ọ́rọ́wọ́, wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣúgà mi máa ń wálẹ̀, torí iṣan ń fà á mu. Lọ́jọ́ tá a bá sá 200m lẹ́ẹ̀mẹjọ pẹ̀lú gbogbo agbára, ńṣe ló máa ń gòkè, ó lè kúrò ní 140 mg/dL kó dé 230 láìjẹ́ pé mo jẹ nǹkan kan. Mo rò pé mítà ló bàjẹ́. Kò bàjẹ́, bí ara ṣe ń ṣe nìyẹn: béèyàn bá fi gbogbo agbára sáré, èròjà ara kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline á tú jáde, á ní kí ẹ̀dọ̀ da ṣúgà tó tọ́jú sínú ẹ̀jẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá fi ìbẹ̀rù gún ínsúlíìnì púpọ̀ lé ṣúgà yẹn lórí, á já wálẹ̀ láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta, ẹ ò sì ní mọ ohun tó fà á. Tó bá pọn dandan kẹ́ ẹ fi díẹ̀ gún un, ìdajì iye tẹ́ ẹ máa ń lò ló yẹ kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó lówó á lo sensọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá, tó ń fi ṣúgà hàn lórí fóònù nígbà gbogbo. Ó dára gan-an, bẹ́ ẹ bá rí i rà ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ó máa ń fi ìṣẹ́jú mélòó kan rìn lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀, pàápàá téèyàn bá ń sáré tí ṣúgà ń yára já, nítorí náà bí ara yín bá ń sọ nǹkan kan tí sensọ̀ ń sọ òmíràn, ẹ gún ìka. Stíríìpù wọ́n, mo mọ̀. Ìgbà tí owó ò sí, kí n tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo parí, àti kí n tó sùn, àwọn mẹ́ta yẹn ni mi ò fi ṣeré.

Nǹkan kan tún wà: mítà míì ń kà mg/dL, òmíràn ń kà mmol/L. Ẹ fi 18 sọ mmol/L di púpọ̀ kẹ́ ẹ tó rí mg/dL. Ẹni tó bá rí 10 lórí mítà ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó rò pé 10 mg/dL ni, á kó ṣúgà sẹ́nu nígbà tí ṣúgà rẹ̀ ti wà ní 180.

3. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa wò kẹ́ ẹ tó wọ pápá

mg/dL ni gbogbo nọ́ńbà ṣúgà tí mo kọ síbí. Bó bá wà láàárín 126 sí 180, ẹ bọ́ sí i. Bó bá wà láàárín 90 sí 125 tó sì jẹ́ eré gígùn lẹ fẹ́ sá, ẹ kọ́kọ́ lá glucose bíi 10g. Bí kò bá tó 90, ẹ mu 10 sí 20g, ẹ jókòó, ẹ dúró kó gòkè kọjá 90, kí kóòṣì máa pariwo tirẹ̀. Bó bá kọjá 180 díẹ̀, ẹ lè sáré, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé eré alágbára á tún gbé e sókè.

Bó bá kọjá 270 tí ẹ ò sì mọ ìdí, ẹ wọn kítóònù, ìyẹn èròjà kíkan tí ara ń pèsè bó bá ń sun ọ̀rá dípò ṣúgà. Kítóònù inú ẹ̀jẹ̀ tó bá ti dé 1.5 mmol/L, tíréníìnì ọjọ́ yẹn ti parí, torí ó túmọ̀ sí pé ínsúlíìnì ò sí lára, eré sísá á sì jẹ́ kó burú sí i. Tí èébì bá tún tẹ̀ lé e, tí èémí ń gbóòórùn bí èso, ọsibítù lẹ̀ ń lọ kíákíá, ẹ má sùn lé e.

Àti pé bí ṣúgà yín bá já débi tí ẹlòmíì fi ní láti ràn yín lọ́wọ́ láàárín wákàtí 24 sẹ́yìn, ẹ má sáré. Kódà kó jẹ́ ọjọ́ ìyan ẹgbẹ́.

4. Oúnjẹ

Wọ́n á sọ fún yín pé ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ò gbọ́dọ̀ jẹ iyán, kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀bà, ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ni kó máa jẹ. Ẹni tó ń sáré lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́sẹ̀ ò lè fi ìyẹn gbé ara. Oúnjẹ agbára (carbohydrate) ṣe pàtàkì fún wa, ohun tó kàn ni pé kẹ́ ẹ mọ iye rẹ̀ kẹ́ ẹ lè gún ínsúlíìnì tó bá a mu. Mo ra òṣùwọ̀n kékeré ti ilé ìdáná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn oúnjẹ Màámi. Ìrẹsì sísè 100g ní nǹkan bíi 28g oúnjẹ agbára nínú. Inú bí Màámi lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní ṣé mo ń ka oúnjẹ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni, mo ní, "Ẹ máà bínú, Màámi, ara mi ni mò ń kà á fún." Láti ọjọ́ náà, àwọn gan-an ló ń bá mi wọ̀n ọ́n.

Ọbẹ̀ tí epo pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń fa ọwọ́ ṣúgà sẹ́yìn. Iyán pẹ̀lú ẹ̀gúsí olóròóró lè máà tíì fi gbogbo ṣúgà rẹ̀ hàn lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, nítorí náà kì í ṣe oúnjẹ òwúrọ̀ ọjọ́ eré.

Bẹ́ ẹ bá jẹun nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú eré gígùn, ẹ bá dókítà sọ ọ́ kẹ́ ẹ dín ínsúlíìnì oúnjẹ yẹn kù. Àwọn dókítà lè dín in láti ìdá kan nínú mẹ́rin títí dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó dúró lórí bí eré náà ṣe gùn tó àti bó ṣe le tó. Ìwé yín ló máa sọ èyí tó bá yín mu. Ikùn ni kẹ́ ẹ gún un sí, ẹ má gún un sí itan tẹ́ ẹ fẹ́ fi sáré, torí itan tó ń ṣiṣẹ́ á yára fa ínsúlíìnì yẹn mu. Bí eré bá ju wákàtí kan lọ, 30 sí 60g oúnjẹ agbára ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ló sábà máa ń tó.

5. Nígbà tí ṣúgà bá já

Tó bá ti wá sábẹ́ 70, ẹ dúró. Ẹ má sọ pé ẹ jẹ́ kí n parí lap yìí. Ẹ mu 15g ṣúgà tó ń yára: glucose oníyẹ̀fun ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin nínú omi, tàbí oyin ṣíbí ìjẹun kan, tàbí mínírà nǹkan bíi 150ml (ẹ wo ara ìgò, kó má jẹ́ èyí tí wọ́n kọ zero sí). Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ wọn ọ́n padà, bí kò bá tíì gòkè ẹ tún mu 15g. Ṣókóléètì àti ẹ̀pà ò ṣiṣẹ́ fún èyí, ọ̀rá inú wọn ò ní jẹ́ kí ṣúgà yára wọlé.

Lóò, bá a ṣe ń pe ìgbà tí ṣúgà bá já, tèmi kì í fi ara hàn bí ti àwọn ẹlòmíì. Àwọn kan á máa gbọ̀n, á máa làágùn, ṣùgbọ́n ta ló mọ òógùn lóò yàtọ̀ sí òógùn 800m? Ohun tó ń ṣe mí ni pé mo máa ń bínú láìnídìí, ètè mi á kú tiiri. Ẹ wá tiyín rí nínú ìwé yín, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kan wà tí mo jókòó sórí koríko tí mi ò dáhùn kóòṣì mọ́, ó rò pé mo ń rí i fín, ó lé mi kúrò lórí pápá, ọmọ ẹgbẹ́ mi kan ló rí i pé ojú mi ti yí padà tó da oyin sí mi lẹ́nu nígbà tí mo ṣì lè gbé e mì. Mi ò bínú sí kóòṣì yẹn. Èmi ni mi ò sọ fún un.

Bó bá di pé èèyàn ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ì báà ṣe omi, epo pupa tàbí oyin, á gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ gún un ní glucagon, abẹ́rẹ́ tó ń gbé ṣúgà sókè, bó bá wà, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

6. Ooru àti NEPA

Ínsúlíìnì tẹ́ ẹ ò tíì ṣí, inú òtútù 2 sí 8 dígírì ló ń gbé. Èyí tẹ́ ẹ ti ṣí lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ooru ò bá kọjá 25 tàbí 30 dígírì, ẹ ka ara páálí rẹ̀, wọn ò rí bákan náà. Ṣùgbọ́n inú báàgì lórí pápá ní agogo méjì ọ̀sán? Á bàjẹ́. Ẹ ò sì ní mọ̀, àfìgbà tí ṣúgà bá ń gòkè tí abẹ́rẹ́ ò ràn án mọ́.

Ohun tí mò ń lò nígbà tí iná ò sí ni ìkòkò amọ̀ méjì, kékeré nínú ńlá, iyanrìn tútù láàárín wọn, aṣọ tútù lórí. Ọgbọ́n àmù tí àwọn ìyá wa fi ń mú omi tutù náà ni, Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní àríwá Nàìjíríà, ló sọ ti oníkòkò méjì di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ fi ínsúlíìnì sínú ọ̀rá kí omi má kàn án. Bẹ́ ẹ bá lo yìnyín nínú kúlà, ẹ fi aṣọ wé e, torí ínsúlíìnì tó bá ti dì, ẹ dà á nù. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọ́dọ̀ fi í sínú báàgì tó ń lọ sí abẹ́ pléènì. Ọwọ́ yín ni kó wà, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà.

7. Ìwé TUE, ẹ má fi èyí ṣeré

Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé ínsúlíìnì wà lára oògùn tí WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti lílo oògùn nínú eré ìdárayá, fòfin dè, nígbà ìdíje àti nígbà tí kò sí ìdíje. Ẹ gbọ́dọ̀ gba TUE, ìwé tó fún yín láyè láti lò ó torí àìsàn yín. Dókítà yín á fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ẹ fi èsì tẹ́ẹ̀sì, lẹ́tà nípa àìsàn náà, àti iye ínsúlíìnì tẹ́ ẹ ń lò sí i. Ẹni tó ń sáré nílé, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró nínú eré ìdárayá lórílẹ̀-èdè wa ló máa fi í ránṣẹ́ sí, ẹni tó ti wà ní ìpele àgbáyé á fi í ránṣẹ́ sí àjọ àgbáyé eré tirẹ̀. Ó kéré tán, ọjọ́ 30 ṣáájú ìdíje.

Ẹ fọwọ́ ara yín ṣe é, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n pé ṣé ó ti wọlé. Simon Yates, ọmọ Britain tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje, ní àìsàn ikọ́ fée (asthma), dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbàgbé láti béèrè ìwé fún un, síbẹ̀ òun ni wọ́n fòfin dè fún oṣù mẹ́rin ní 2016. Ti Rick DeMont ló dùn mí jù. Òmùwẹ̀ ará Amẹ́ríkà ni, ọmọ ọdún 16, ó gba wúrà 400m ní Munich ní 1972, ó ti kọ oògùn ikọ́ fée rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni kò bá a yanjú ẹ̀, wọ́n gba wúrà ọmọ ọlọ́mọ padà.

Nígbà tí wọ́n bá wá gba ìtọ̀ yín, gbogbo oògùn tẹ́ ẹ lò láàárín ọjọ́ méje ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. Bí dókítà bá fẹ́ fún yín ní oògùn ìfúnpá tàbí èyí tó ń jẹ́ kéèyàn tọ̀, ẹ sọ fún un pé eléré ìdárayá ni yín, torí àwọn oògùn tó ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ yẹn wà lára èyí tí wọ́n dè. Àti dírípù! A fẹ́ràn dírípù púpọ̀ nílẹ̀ yìí, àárẹ̀ díẹ̀, ẹ fà á fún mi. Èyí tó bá kọjá 100ml láàárín wákàtí 12 jẹ́ ẹ̀sùn, àfi tó bá jẹ́ ìtọ́jú gidi ní ọsibítù.

Àgbo ńkọ́? Ẹ gbọ́, bàbá bàbá mi jẹ́ oníṣègùn, mi ò kì í fojú tẹ́ńbẹ́lú ewé. Ṣùgbọ́n àgbo tí wọn ò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa jẹ́jọ́ ohun tí wọ́n bá bá nínú ìtọ̀ yín. Kò sì sí ewé tó ń rọ́pò ínsúlíìnì fún type 1. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ jáwọ́ nínú abẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ máa mu tòun, tàbí kẹ́ ẹ dá a dúró kẹ́ ẹ lè fi ìgbàgbọ́ hàn, ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kẹ́ ẹ máa gún abẹ́rẹ́ yín lọ. Mo ti sin ọ̀rẹ́ mi kan lórí ọ̀rọ̀ yìí.

8. Ẹ sọ ọ́ jáde

Kóòṣì, ẹnìkan nínú ẹgbẹ́, àti ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sùn ní yàrá ní kám̀pù. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lo glucagon. Ẹ sọ fún àwọn adájọ́ eré kí ọjọ́ tó pé: ní Roland Garros 2023, Zverev ní wọ́n kọ́kọ́ sọ fún òun pé òun ò lè gún ínsúlíìnì lórí pápá, kóun jáde lọ gún un, wọ́n á sì kà á mọ́ ìgbà tóun lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí ariwo ti sọ ni wọ́n gbà. Bó bá lè ṣẹlẹ̀ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ ṣáájú.

9. Ọjọ́ ìdíje

Ṣúgà yín á ga ju ti ọjọ́ tíréníìnì lọ láìṣe ohun tó yàtọ̀, àyà tó ń já ló fà á. Ẹ má fi nǹkan tuntun dán an wò lọ́jọ́ yẹn: oúnjẹ tẹ́ ẹ ti jẹ ṣáájú tíréníìnì ogún ìgbà ni kẹ́ ẹ jẹ, aago kan náà, ìwọ̀n kan náà. Mo máa ń wọn ṣúgà ní wákàtí méjì ṣáájú, ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, àti kí wọ́n tó pè wá sí yàrá ìpè, torí wọn kì í jẹ́ ká mú fóònù wọbẹ̀. Ẹ bi wọ́n ṣáájú bóyá mítà lè wọlé. Mítà méjì, pẹ́ẹ̀nì ínsúlíìnì méjì, glucose nínú báàgì tèmi àti nínú báàgì ọmọ ẹgbẹ́ mi.

10. Òru ọjọ́ náà

Èyí ló léwu jù, torí eré ti parí, gbogbo èèyàn ń yọ̀. Iṣan á máa fa ṣúgà mu láti tún ara rẹ̀ ṣe títí ilẹ̀ á fi mọ́, ọtí sì máa ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ kó má lè tú ṣúgà jáde, nítorí náà bó bá ṣe pé ẹ̀ ń mu, ẹ má mu lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ bi dókítà bóyá kẹ́ ẹ dín ínsúlíìnì alẹ́ kù, tèmi ní kí n dín in ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ jẹ oúnjẹ agbára díẹ̀ pẹ̀lú wàrà tàbí ẹyin kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ fi àláàmù sí agogo méjì òru, ẹ fi mítà àti oyin sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, níbi tọ́wọ́ á tó o nínú òkùnkùn, bó bá dún ẹ dìde, ẹ gún ìka, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.